Lórí "ìdánwò àrùn àjogúnbá ọmọ inú"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe ìwé pélébé fún àwọn aboyún dábàá "ìdánwò àrùn àjogúnbá ọmọ inú" fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe kí ọmọ tó wáyé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn aboyún Yorùbá ní London. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ta kò ó.

Ẹni tó bá ṣe ìdánwò, yóò yege tàbí kó fìdí rẹmi. Ta ni yóò fìdí rẹmi níbí, ọmọ ni àbí ìyá rẹ̀? Àyẹ̀wò ti tó wa.

"Àjogúnbá" ló ń dùn mí jù. Ó bá fòní-kú-fọ̀la-dìde mu: ọmọ gba àbùdá S kan lọ́wọ́ bàbá, ó gba ìkejì lọ́wọ́ ìyá, ó di SS. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà tún sọ̀rọ̀ nípa Down's syndrome, tí kì í sábà wá láti ìdílé ẹnikẹ́ni. Krómósómù 21, ọ̀kan nínú àwọn okùn tó gbé àbùdá wa, ló di mẹ́ta dípò méjì, ọ̀pọ̀ ìgbà láti inú ẹyin ìyá. Ẹ kọ "àjogúnbá" sí i, kí ẹ wá gbọ́ bí ìyá ọkọ yóò ṣe máa béèrè pé ilé ta ló ti wá. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń wádìí ìdílé kí a tó fọmọ fọ́kọ! "Àrùn àbùdá" ni mo fara mọ́ fún gbogbo wọn. Ẹnìkan ní "àbímọ́". Ó dùn létí, àmọ́ ọmọ tó kó àìsàn nínú ìyá rẹ̀ náà, àbímọ́ ni tirẹ̀.

Oríṣi àyẹ̀wò méjì ló tún wà tí ìwé náà pè lórúkọ kan. Nínú ti àkọ́kọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ 10 sí 14, ẹ̀jẹ̀ ìyá àti àwòrán ọmọ ni wọ́n ń wò. Kò sọ pé ọmọ ní àrùn náà, bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ó ní i ló ń sọ. Ìkejì ni ti abẹ́rẹ́: wọ́n á bù díẹ̀ lára ibi ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, tàbí kí wọ́n fa omi inú ilé ọmọ láti ọ̀sẹ̀ 15. Ìyẹn ló ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n oyún lè bàjẹ́ níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ ju bíi 1 nínú 200 lọ. Mo dábàá "àyẹ̀wò asẹ́" àti "àyẹ̀wò àrídájú". Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohun tí asẹ́ yìí bá dá dúró kì í ṣe èèrí dandan.

"Ewu 1 nínú 150" tí wọ́n ń kọ sí èsì àyẹ̀wò asẹ́ ńkọ́? Èmi náà ti túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, obìnrin tí mo ń ṣe ògbufọ̀ fún sì bi mí pé ṣé òun lòun máa kú ni. "Ó ṣeé ṣe" ni mo ń sọ báyìí. Àwọn NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ti fi ọ̀rọ̀ ewu sílẹ̀ nínú ìwé tiwọn. Ẹ kọ "oyún kọ̀ọ̀kan" ṣáájú "1 nínú 4" fún AS méjì (ẹni tó gba S kan ṣoṣo) tó fẹ́ra, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá kan pé, "A ti bí SS kan, ó ku mẹ́ta tí ara wọn máa le." Kọ́bọ̀ tí a jù lónìí kò mọ èyí tí a jù lánàá.

Gbólóhùn tó ní "ẹ ó yàn bóyá ẹ fẹ́ ọmọ náà", ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yọ ọ́. Ẹlòmíì fẹ́ mọ̀ kó lè múra sílẹ̀ ni. Ẹlòmíì kò fẹ́ mọ̀ rárá. Bí ìwé náà bá sì dé Nàìjíríà, òfin ibẹ̀ kò gbà kí a ṣẹ́yún àfi láti dá ẹ̀mí ìyá sí. "Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe pẹ̀lú èsì" tó.

Èyí tí n kò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni ẹni tó jẹ́ AS tí ara rẹ̀ sì le koko. "Ẹni tó ru àrùn" kọ́ o. Kí ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ yín?