Káàdì ọ̀dà olójèé ti wà lọ́wọ́ mi, wọ́n tún ń bèèrè ti kọ́ńpìnnì

Ọmọ_Ìlárá (Philadelphia)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá oníṣẹ́ kunlé kí n tó dá dúró lọ́dún tó kọjá. Èmi àti àbúrò ìyàwó mi nìkan ni gbogbo kọ́ńpìnnì. Oṣù kẹta ni mo lọ jókòó fún kíláàsì wákàtí mẹ́jọ tí EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, fọwọ́ sí lórí ọ̀dà olójèé, ìyẹn ọ̀dà àtijọ́ tí wọ́n po òjé (lead) mọ́. Ìbéèrè 25 ni wọ́n bi wá, mo gba 22, wọ́n sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí. Mo rò pé ó parí nìyẹn.

Ìyá àgbà kan wá pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ilé tí wọ́n kọ́ ní 1926 ni, ó fi òkè rẹ̀ háyà fún tọkọtaya tó ní ọmọ ọdún méjì. Fèrèsé onígi mẹ́rin ni ká pààrọ̀, ká tún ha ògiri yàrá kan ká kùn ún. Mo fi ìwé ẹ̀rí mi hàn án. Màámá wò ó lọ wò ó bọ̀, wọ́n ní, "Èyí jẹ́ tìẹ. Ti kọ́ńpìnnì dà?" Wọ́n ní láti 2020, ìlú yìí kì í jẹ́ kí onílé háyà ilé àtijọ́ láìní ìwé pé òjé ibẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, àwọn ò sì ní fi ìwé tiwọn tọrọ. Ojú tì mí díẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé méjì ni ìwé náà?

Àlàbí_H (Houston)

Bọ̀dá, ẹ má dá wọn lóhùn jàre. 300 dọ́là tí wọ́n ń gbà fún ìwé kọ́ńpìnnì, nítorí bébà lásán! Láti 2007 ni mo ti ń kunlé níbí, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. Ẹ tètè ṣe é, ẹ gba owó yín.

Bàbá_Ìbejì (Chicago)

Àlàbí, o kú orí ire. Àbúrò, má gbọ́ tirẹ̀.

Òótọ́ ni màámá sọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ sọ pé ìwọ mọ iṣẹ́ náà. Ti kọ́ńpìnnì yàtọ̀, EPA gan-an ló ń fúnni, orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti máa bèèrè fún un, 300 dọ́là, ọdún márùn-ún ló ń lò. Kódà bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni kọ́ńpìnnì, o gbọ́dọ̀ gbà á. Tètè bèèrè, torí wọ́n lè lo tó àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí wọ́n tó dáhùn. Má tíì fọwọ́ kan fèrèsé yẹn. Ara ògiri inú ilé, tí ohun tí o máa ha nínú yàrá kan kò bá ju 6 square feet lọ, òfin lè má kàn ọ́; tó bá jẹ́ ara ilé níta, 20 square feet ni. Ṣùgbọ́n fèrèsé pípààrọ̀ kò ní ìwọ̀n kankan. Ẹyọ kan péré ti tó.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi ń bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2013, mo ń bá agbaṣẹ́ṣe kan ṣiṣẹ́ níbí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Òfin ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹrin 2010, ọ̀gá mọ̀, ó ní òun ò ráyè. Iná gáàsì ló gbé fún wa pé ká fi yọ ọ̀dà ara fèrèsé ilé olókùúta kan. Ọ̀dà yẹn á wú, á yọ́ bí àmàlà, èéfín rẹ̀ á máa dùn lọ́fun bíi ṣúgà. Tí mo bá délé, mi ò ní bọ́ṣọ. Orí àga ni mo máa ń wó lé, ìyàwó mi á gbé Kẹ́hìndé lé mi láyà, a ó jọ sùn lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọdún kan fún àwọn méjèèjì, òjé inú ẹ̀jẹ̀ Táyé jẹ́ 4 (micrograms per deciliter ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n). Kẹ́hìndé gba 14. Nígbà yẹn, 5 ni ìjọba fi ṣe ààlà. Láti 2021 ó ti di 3.5. Nọ́ọ̀sì bi wá bóyá ilé wa ti gbó. Kò gbó rárá. Ó wá wo ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó ní, "Dádì, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

Òjé yìí kan náà ni àwọn olóòṣà fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ nílé, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa á lówe: òjé bọ́ sí olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Níbí wọ́n ń fi po ọ̀dà ilé títí wọ́n fi fòfin dè é ní 1978. Egungun ló máa ń sá sí nínú ara ọmọ, kì í sì í kánjú jáde.

Nítorí náà, bó o bá dé ilé màámá: ìwé pẹlẹbẹ tó ń jẹ́ Renovate Right, fún màámá àti àwọn tó ń gbé òkè, kí wọ́n fọwọ́ sí i kí o tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ yíká tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Fọ́n omi sí ohun tó o bá fẹ́ ha. Kò sí iná, kò sí ẹ̀rọ ìhagi tí kò ní HEPA, ìyẹn fílítà tó ń mú eruku tó kéré jù lọ, tó ń fà á mu. Fílítà HEPA tó o rà sórí shop vac rẹ, ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí ibi iṣẹ́, kò sọ ọ́ di HEPA vacuum o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀.

Ìparí rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Wàá mú aṣọ funfun tútù, wàá nù ún lẹ́ẹ̀kan sí ìsàlẹ̀ fèrèsé, níbi tí ọmọ máa ń gbọ́wọ́ lé, wàá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì tí wọ́n fún ọ ní kíláàsì. Tó bá dúdú ju ti káàdì lọ, o kò tíì ṣe tán, tún un fọ̀. Ilé kan wà tí mo fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí aṣọ ṣì ń gbé eérú jáde. Mo jókòó sórí bákéètì, mo dúró kó gbẹ, mo wá fi èyí tó gbẹ nù ún. Ìyàwó onílé rò pé mò ń gbàdúrà.

Tọ́jú gbogbo ìwé iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́ (Boston)

Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì. Ọlọ́run á wo Kẹ́hìndé. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ẹ má dá ọ̀dà nìkan lẹ́bi. Níbí ní 2011, ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n bá òjé lẹ́jẹ̀ rẹ̀, tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń lé sí i lójú, ló fà á. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń fi tìróò ránṣẹ́ sí, ẹ gbọ́ o.

Ọmọ_Ìlárá

Ẹ ṣeun púpọ̀, bàbá. Mo ti san 300 náà láàárọ̀ yìí. Màámá ní àwọn á dúró dè mí, wọ́n tiẹ̀ fún mi ní kéèkì. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé àbúrò ìyàwó mi náà gbọ́dọ̀ lọ sí kíláàsì?

Bàbá_Ìbejì

Kò pọn dandan. Ìwọ lè kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ rẹ̀ àti ohun tó o kọ́ ọ, kí o sì fọwọ́ sí i. Kí ó bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá kó tó wọ mọ́tò. Ìwọ náà.