Ìjì líle ń bọ̀, kòrónà ò sì tíì lọ: báwo la ṣe máa tọ́jú ilé sílẹ̀?

Ìyá_Wúrà (May 2021)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Pinellas County ní Florida la wà, Zone B sì ni àdúgbò wa (ìjọba pín àdúgbò sí zone láti fi kéde àwọn tó máa kúrò nílé nígbà ìjì). June 1 ni àsìkò ìjì líle máa bẹ̀rẹ̀, ó di November 30 kó tó parí. Èèyàn márùn-ún ló wà nílé: èmi àti bàbá wọn, ọmọ ọdún 13, ọmọ ọdún kan ààbọ̀, àti ìyá ọkọ mi tó ní àtọ̀gbẹ, insulin ni wọ́n ń gún.

Bàbá wọn ti ní bí ìjọba bá ní ká kúrò nílé, àwọn ò ní kó màmá lọ síbi tí èrò pọ̀ sí nítorí kòrónà, pé ká kàn kan pákó mọ́ fèrèsé ká jókòó sílé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ? Àti pé báwo ni omi, oògùn àti jẹnẹrétọ̀ ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Ẹ jọ̀ọ́, iye gan-an ni kí ẹ sọ fún mi. "Ẹ ra omi tó pọ̀" kò lè ràn mí lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ẹ bá mi sọ fún bàbá wọn pé nínú àwọn tí ìjì líle ń pa tààrà ní Amẹ́ríkà, omi ló ń pa èyí tó pọ̀ jù, títí kan omi òkun tí ìjì bá tì wọ orí ilẹ̀. Pákó ò lè dá omi dúró. Ẹni tí kòrónà mú ṣì lè rí ọjọ́ mélòó kan lò láti wá ìtọ́jú, ṣùgbọ́n omi òkun tó bá ti wọlé kì í fúnni láyè wákàtí kan. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí wọ́n bá ti pe Zone B, ẹ kúrò. Ẹni tó ń gbé inú ilé onírin tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé kiri gbọ́dọ̀ kúrò, zone yòówù kó wà.

Ohun tí kòrónà yí padà ni ibi tí ẹ máa lọ. Ilé ààbò ìjọba ni kó gbẹ̀yìn. Ilé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó lágbára, tí kò sí ní zone tí wọ́n pè, ló yẹ kó ṣáájú, lẹ́yìn náà òtẹ́ẹ̀lì. Kò pọn dandan kó jẹ́ ìpínlẹ̀ míì bíi Georgia. Nígbà púpọ̀, máìlì bíi 20 kúrò létí òkun, sí ibi tó ga, ti tó, ẹ ò sì ní há sójú títì pẹ̀lú ọmọ kékeré. Ẹ bá onílé náà sọ ọ́ nísinsìnyí, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá kéde ni: ta ló ti gba abẹ́rẹ́ nínú ilé wọn, ta ni ara rẹ̀ ò le, yàrá wo lẹ máa sùn.

Abẹ́rẹ́ kòrónà nílò àkókò. Láti oṣù yìí, May 2021, ni ọmọ ọdún 12 sókè ti ń gba ti Pfizer. Ní 2021 yìí, ọjọ́ 21 ló wà láàárín abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì, ọ̀sẹ̀ 2 míì sì gbọ́dọ̀ kọjá kó tó dáàbò bo èèyàn dáadáa. Ọ̀sẹ̀ 5 ni gbogbo rẹ̀. Bí ọmọ ọdún 13 yẹn bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, yóò ti parí kí oṣù August, nígbà tí ìjì máa ń gbóná, tó dé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọ́dọ̀ lo ìbòmú rárá, torí náà abẹ́rẹ́ tí ẹ̀yin àgbà bá gbà ni ààbò tirẹ̀.

Ti màmá: insulin tí wọn ò tíì ṣí, inú fíríìjì ni kó wà. Ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ lè wà níta fún ọjọ́ 28 bí ooru ò bá ju 86°F lọ, ṣùgbọ́n inú mọ́tò ní Florida máa ń kọjá ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fi aṣọ wé e kí ẹ tó gbé e sínú kúlà, kó má fara kan yìnyín. Insulin tó bá ti dì, ẹ dà á nù, kódà bó bá ti yọ́ padà. Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: òfin Florida gbà pé bí county yín bá wà lábẹ́ ìkìlọ̀ ìjì líle, tàbí tí gómìnà bá kéde pàjáwìrì níbẹ̀, kí ẹ gba oògùn ọjọ́ 30 kódà bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Ẹ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kéde gan-an, torí àwọn ilé oògùn náà máa tilẹ̀kùn.

Nínú àpò tí ẹ máa gbé jáde: ìbòmú ó kéré tán méjì fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó ti lé ní ọdún 2, sanitizer tí ọtí inú rẹ̀ tó 60%, ọṣẹ, tẹmọ́mítà, ẹ̀rọ tí màmá fi ń wo ṣúgà àti bátìrì rẹ̀, orúkọ gbogbo oògùn lórí ìwé, káàdì abẹ́rẹ́. Bó bá sì di dandan pé ilé ààbò ni, ẹ má retí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé ìrọ̀rí àti aṣọ ìbora yín dání.

Wáyà_Pupa

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí òun ló ń pa àwọn tí ìjì ò rí pa. Nígbà tí Hurricane Laura kọlu Louisiana ní August 27, 2020, púpọ̀ nínú àwọn tó kú níbẹ̀ ló jẹ́ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ló pa wọ́n lẹ́yìn tí ìjì ti kọjá. Carbon monoxide ló wà nínú èéfín náà, gáàsì olóró tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn.

Ibi tí kòrónà ti da ọ̀rọ̀ rú nìyí. Wọ́n ti kọ́ gbogbo wa pé ká ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí, fèrèsé yẹn gan-an lèéfín máa gbà wọlé. Ẹ gbé e jìnnà sílé tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síbòmíràn, kí ẹ sì ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kejì nìkan. Ẹ má gbé e sí gàréèjì, bí ilẹ̀kùn gàréèjì bá tilẹ̀ ṣí gbayawu. Ìkejì, orí fífọ́, àárẹ̀, òòyì àti inú rírú ni carbon monoxide fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní kòrónà lọ́kàn á ní "ó ti mú mi nìyí", á lọ dùbúlẹ̀, kò sì ní jí. Bí orí bá ń fọ́ ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ jáde síta, kí ẹ pe 911. Ẹ ra alárọ́ọ̀mù carbon monoxide tó ń lo bátìrì, kí ó wà ní ìtòsí ibi tí ẹ ń sùn ní àjà kọ̀ọ̀kan.

Agbára jẹnẹrétọ̀: fíríìjì máa ń lo bíi wáàtì 700, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan, ó lè fà tó 2,000. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré ojú fèrèsé, 5,000 BTU, ń lo bíi 500. Fi iná díẹ̀ àti fóònù kún un, jẹnẹrétọ̀ 3,500 wáàtì máa gbé e, bí ẹ ò bá ti tan gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà ìta tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 50 kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju 12 gauge lọ (gauge ni ìwọ̀n bí wáyà ṣe nípọn tó). Èyí tó tín-ín-rín máa gbóná, mọ́tò fíríìjì á sì jóná nítorí iná tí kò tó. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí ó tutù, kí ẹ tó bu epo sí i. Ẹ má sì kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé láé: iná á padà sórí òpó, á sì pa ẹni tó ń tún wáyà ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀, ní 2021 yìí, May 28 sí June 6 ni Florida ò ní gba owó orí ọjà lórí rẹ̀ bí kò bá ju $1,000 lọ. Bátìrì àti tọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ náà, pẹ̀lú iye owó tí wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá.

Omi_Ò_Lọ́tàá

Gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lóòjọ́, ọjọ́ 7, èèyàn 5: gálọ́ọ̀nù 35. Ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 pounds, torí náà ilẹ̀ ni kí ẹ tò ó sí, kì í ṣe orí pẹpẹ. Ẹ ra díẹ̀díẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá lọ sọ́jà, kí ẹ má baà wà láàárín èrò lọ́jọ́ tí ìkìlọ̀ bá jáde.

Bí omi ilé bá bàjẹ́, ẹ sè é títí yóò fi hó fún ìṣẹ́jú 1. Bí kò bá sí iná, bleach tí kò ní lọ́fínńdà ni: ẹ̀kán 8 sínú gálọ́ọ̀nù kan bí ìgò bá kọ 6%, ẹ̀kán 6 bó bá kọ 8.25%. Bí omi bá rú, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tí wọ́n kọ "splashless" sí lára kò dára fún omi mímu. Ẹ má sì fi ìwọ̀n yìí dàrú mọ́ ti nínu tábìlì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn: ìyẹn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta kọ́ọ̀bù sínú gálọ́ọ̀nù omi, ó sì máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24. Ẹ kọ orúkọ sára ìgò méjèèjì, ọmọ wà nílé.

Fíríìjì tí ẹ ò ṣí máa tutù fún wákàtí 4, fírísà tó kún fún 48, èyí tó kún dé ìdajì fún 24. Bí ẹ bá máa kúrò nílé, ẹ di omi inú kọ́ọ̀bù, kí ẹ gbé kọ́ìnì lé yìnyín náà lórí nínú fírísà. Bí ẹ bá padà bá kọ́ìnì nísàlẹ̀ kọ́ọ̀bù, ohun inú fírísà yẹn ti yọ́ pátá, ẹ kó o dànù.

Ìyá_Wúrà

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti tẹ èyí fún bàbá wọn. Ó ku ẹyọ kan: bí ẹnì kan nínú wa bá ti ní kòrónà lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká kúrò ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ pe ẹni tó máa gbà yín kí ẹ tó gbéra, torí kò bójú mu kí ẹ gbé àrùn lọ bá a láìsọ. Ibí yìí ni òtẹ́ẹ̀lì ti dára ju ilé ọ̀rẹ́ lọ. Bí mọ́tò bá jẹ́ méjì, ẹni tára rẹ̀ ò yá àti ẹni kan tó ti gba abẹ́rẹ́ nínú ọ̀kan, màmá àti ọmọ kékeré nínú èkejì. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, kí aláìsàn jókòó lẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí màmá wà níwájú, kí gbogbo ẹni tó ti lé ní ọdún 2 wọ ìbòmú, kí fèrèsé ṣí díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ má sì jẹ́ kí AC máa yí afẹ́fẹ́ inú mọ́tò po. Bó bá jẹ́ ilé ààbò lẹ lọ, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí wọ́n lè yà yín sọ́tọ̀. Ohun èlò àyẹ̀wò kòrónà tí ẹ bá rà, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò, ooru tó bá ju 86°F lọ lè bà á jẹ́.

Wáyà_Pupa

Ẹ tún wo ìwé adójútòfò ilé yín. Ti ilé lásán kì í san owó ìkún omi, ti ìkún omi fúnra rẹ̀ ni kí ẹ rà, èyí tó wà lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀ sì máa ń gba ọjọ́ 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Tí bàbá wọn bá sì fẹ́ kan pákó, plywood tó nípọn tó 5/8 ínǹṣì ni, kí ó gé e, kí ó lu ihò rẹ̀, kí ó kọ nọ́ńbà fèrèsé kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀ lóṣù yìí. Nígbà tí ìkìlọ̀ bá jáde, wákàtí 36 péré ló kù kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í le.