Wákàtí mẹ́fà ní Ìlọrin pẹ̀lú ìyá àgbà: kí la lè ṣe kí mọ́tò Ọmù-Àrán tó gbé wa?

Àbíkẹ́_Ọmù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìlọrin. Èmi àti màmá mi ń bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí. Agogo 9:40 àárọ̀ ni bàálù wa máa balẹ̀ sí Ìlọrin. Ẹ̀gbọ́n wa tó fẹ́ fi mọ́tò gbé wa lọ sí Ọmù-Àrán ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lòun máa tó dé Gáréèjì Ọ̀fà. Wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀ nìyẹn, a ò sì fẹ́ fi jókòó sójú kan.

Màmá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n fẹ́ rí mọ́ṣáláṣí àgbà àti ààfin, wọ́n fẹ́ ra aṣọ òfì, wọ́n sì ti búra pé àwọn ò ní kúrò ní Ìlọrin láìra wàrà. Báàgì ńlá méjì ló máa wà lọ́wọ́ wa. Èmi tún ń ro Òkè Sóbì àti ilé ère Èsìẹ́ mọ́ ọn. Báwo lẹ ṣe rò pé ká tò ó?

Ọmọ_Ìdíàpé:

Ẹ káàbọ̀ o, Àǹtí. Wákàtí mẹ́fà tó, ó tún ṣẹ́kù! Òkè Sóbì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gùn, gbogbo Ìlọrin lẹ máa rí látòkè. Bẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ yà sí Ìdí-Àpé wá wo òkúta ìlọ-irin tí wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ ìlú wa ti wá. Ẹ bọ́ sí Ọjà Ọba, ẹ wo mọ́ṣáláṣí, ẹ wọ ààfin. Ẹ lọ jẹun ní ojú ọ̀nà Táíwò. Ọgbà ẹranko Yunifásítì náà tún wà tẹ́ ẹ lè lọ wò. Èsìẹ́ ò jìnnà rárá, ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀.

Ọlọ́kọ̀_Gẹ̀ríÀlímì:

Ọmọ Ìdí-Àpé, a mọ̀ pé ìfẹ́ ìlú ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé orúnkún Màmá, ẹ sì gbàgbé pé ọjọ́ Ẹtì ni.

Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò àkókò yẹn dáadáa, torí wákàtí mẹ́fà kọ́ lẹ ní. 9:40 ni táyà bàálù máa kan ilẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ tó gba báàgì, kí Màmá tó yà sí tọ́lẹ́ẹ̀tì, agogo mẹ́wàá ti kọjá. Ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni pápákọ̀ òfurufú wa wà, ẹ̀yìn ìlú ni. Láti ibẹ̀ gba Gẹ̀rí Àlímì wọ Ọjà Ọba, ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ogójì bí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ bá wà. Ó di bíi 10:45 kẹ́ ẹ tó fojú kan mọ́ṣáláṣí.

Jímọ́ ló wá kù. Gbogbo àyíká ààfin àti Ọjà Ọba ni èrò máa ń kún lọ́jọ́ Ẹtì. Tó bá ti ń lọ sí agogo méjìlá ààbọ̀, wọ́n á ti máa to mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, wọ́n á ti máa tẹ́ ẹní síta. Mọ́tò tó bá há síbẹ̀, ó di ẹ̀yìn ìrun kó tó ríbi jáde, ìyẹn sì lè tó agogo méjì ààbọ̀. Nítorí náà agogo méjìlá òun ni gbèdéke yín láàárín ìlú. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lẹ ní níbẹ̀. Ẹ fi lò ó bẹ́ẹ̀.

Òkè Sóbì: ẹ yọ ọ́ kúrò. Apá kejì ìlú ni, àpáta ni, oòrùn ọ̀sán sì ń duni lórí ẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ìgòkè kì í ṣe ìṣòro rẹ̀ tó ìsọ̀kalẹ̀. Ọgbà ẹranko Yunifásítì náà, ẹ yọ ọ́. Láti géètì dé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yẹn gan-an, ìrìn àjò mìíràn ni.

Ti báàgì: ẹ má fọkàn sí i pé ẹ máa ríbi tọ́jú ẹrù ní pápákọ̀ kẹ́ ẹ wá lọ ṣeré. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ò ní gba báàgì méjì àti ẹ̀yin méjèèjì pẹ̀lú ìtura. Ẹ ṣátà tákísì ni, kí báàgì wà nínú búùtù títí ẹ ó fi bọ́ sínú mọ́tò ẹ̀gbọ́n yín. Àmọ́ wákàtí ni kẹ́ ẹ dúnàádúrà lé, ẹ má dúnàádúrà ibi. Bẹ́ ẹ bá ní “gbé wa dé Ọjà Ọba, dé ilé aláṣọ, dé gáréèjì,” gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá dúró ló máa fi owó lé e. Ẹ sọ pé “láti agogo mẹ́wàá sí agogo kan, èló ni gbogbo ẹ̀?” Ẹ dárúkọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dé kó tó ṣíná mọ́tò. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà mọ́tò, ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ẹ pè é lójú ẹ̀ kẹ́ ẹ rí i pé ó dún. Ìdajì owó ṣáájú, ìdajì lẹ́yìn.

Mọ́ṣáláṣí àgbà yẹn, ọdún 1981 ni Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí ṣí i. Láti inú mọ́tò pàápàá ẹ máa rí òrùlé róbótó ńlá yẹn àti àwọn ilé ìpèrun gíga tó yí i ká. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ ọgbà ẹ̀, kí Màmá bo orí, kí aṣọ gùn dé kókósẹ̀, kí bàtà wà lọ́wọ́. Ààfin Ẹ́mírì wà nítòsí ibẹ̀ gan-an. Ẹ máa rí iwájú ẹ̀ láìsí wàhálà, àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í kàn ṣáà wọ inú. Ẹ kí àwọn tó ń ṣọ́ géètì kẹ́ ẹ tó yọ fóònù jáde láti ya fọ́tò. Ogún ìṣẹ́jú tó fún ibi méjèèjì. Òfì ló yẹ kó gba ìyókù.

Aláṣọ_Òfì:

Òdodo ni Ọlọ́kọ̀ sọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ti òfì, torí ibẹ̀ lowó ti ń sọnù.

Ọ̀nà méjì lẹ lè gbà rà á: ní ṣọ́ọ̀bù Ọjà Ọba, tàbí ní agboolé àwọn ahunṣọ. Ti ṣọ́ọ̀bù yá, ó sì ní àga. Ti agboolé ló dáa jù fún ẹni tó fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹnikẹ́ni lọ́jà á júwe ibẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, ahunṣọ á ti kúrò nídìí òfì kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti lọ wẹ̀ fún Jímọ́. Agboolé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ wá fi mọ́ṣáláṣí ṣe ìkẹyìn.

Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ wo ilẹ̀. Òwú gígùn yẹn máa nà síwájú ahunṣọ bíi ojú irin, wọ́n á so ìdí ẹ̀ mọ́ igi kan tí wọ́n gbé òkúta lé. Bó ṣe ń hun ún ni òkúta náà ń wọ́ bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ ìtẹ̀sẹ̀, ọwọ́ ló fi ń ju ọkọ̀, ìyẹn igi kékeré tó gbé òwú, láti ọ̀tún sósì. Ẹ má jẹ́ kí Màmá gba orí òwú yẹn kọjá o. Ẹsẹ̀ kan péré lè já òwú púpọ̀, títún un so sì lè gba odindi ọ̀sán.

Ti rírà: fífẹ̀ pẹlẹbẹ òfì kan tó bíi ìnṣì mẹ́rin. Yáàdì kan jẹ́ ìnṣì 36, èyí ni pé pẹlẹbẹ mẹ́sàn-án ló máa bo fífẹ̀ yáàdì kan. Ẹ mú un ní mẹ́wàá, torí rírán máa jẹ díẹ̀ nínú etí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ra mẹ́sàn-án gééré, aṣọ rẹ̀ kì í tó.

Ẹ rí i pé ojú òwú kan náà ni gbogbo pẹlẹbẹ ti wá. Òwú tí wọ́n pa láró lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ máa ń yàtọ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, àfi tẹ́ ẹ bá dé ìta oòrùn. Nítorí náà ìta ni kẹ́ ẹ ti wò ó. Ẹ fi omi díẹ̀ rin áńkáṣíìfù funfun, ẹ fi ra etí aṣọ. Bí ó bá gba àwọ̀, aró yẹn máa rìn sára bùbá yín. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ wò: òwú dídán tó bá ń yọ gọ́ńgọ́ lẹ́yìn máa yún ọrùn Màmá. Aṣọ fífẹ̀ tí kò ní ojú rírán láàárín kì í ṣe òfì tí wọ́n hun ní pẹlẹbẹ, ẹ má san owó òfì fún un.

Àìrán ni pẹlẹbẹ máa ń wà. Ẹ má ní kí wọ́n rán an lójú ẹsẹ̀ láàárín wákàtí kan. Rírán ìkánjú ló ń jẹ́ kí ilà wọ́. Gèlè tí wọ́n ti rán sílẹ̀ wà tó bá jẹ́ ìyẹn ni Màmá fẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé pẹlẹbẹ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ yín ní Ọmù-Àrán.

Ìgbómìnà_Pọ́ńbélé:

Ẹni tó ní kí wọ́n lọ Èsìẹ́ kí wọ́n padà sí Ìlọrin, ẹ forí jìn ín. Àǹtí, ọ̀nà ilé yín ni Èsìẹ́ wà! Láti Ìlọrin, ẹ ó gba Ìdòfìàn dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín, ọ̀kan lọ Ọ̀fà, ọ̀kan lọ Òró àti Ọmù-Àrán. Òró ni ẹ ti máa yà sí Èsìẹ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ máa rin ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta?

Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni agogo mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n yín dá. Bẹ́ ẹ bá kúrò ní Ìlọrin lágogo mẹ́rin, ilé ère máa ti fẹ́ tì kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá pàdé yín lágogo méjìlá ààbọ̀. Ọlọ́kọ̀ ti wí fún yín pé kò sóhun tẹ́ ẹ máa rí ṣe láàárín ìlú lákòókò Jímọ́, àbí? 12:30 kúrò ní gáréèjì, bíi 1:45 lẹ máa dé Èsìẹ́. Wákàtí kan níbẹ̀, ẹ tún wọkọ̀. Kí agogo mẹ́rin tẹ́ ẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kúrò ní Ìlọrin tó lù, ẹsẹ̀ Màmá ti wà lórí àpótí nílé.

Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí mùsíọ́ọ̀mù sí ní gbogbo Nàìjíríà, lọ́dún 1945. Ère òkúta ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Ẹ sún mọ́ wọn dáadáa: ọ̀pọ̀ jókòó lórí àpótí, irun wọn ní oríṣiríṣi dídì, ẹ ó rí ilà ojú, ẹ ó rí obìnrin tó mú idà dání. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ìdí nìyẹn tí ọnà ara ẹ̀ fi fínjú bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn náà tí orí ọ̀pọ̀ fi ti gé kúrò lọ́rùn. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn àgbà ibẹ̀ á sọ fún yín pé àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Ẹ jẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Nítorí pé ọjọ́ Ẹtì ni, kí ẹ̀gbọ́n yín bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní Èsìẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ má lọ bá ilẹ̀kùn ní títì.

Àbíkẹ́_Ọmù:

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pe Ẹ̀gbọ́n, wọ́n gbà: 12:30 ní Gáréèjì Ọ̀fà. A ti fi Sóbì sílẹ̀. Ṣé wàrà máa lè dúró nínú mọ́tò láti ọ̀sán títí dé Ọmù-Àrán báyìí, pàápàá tá a bá tún yà sí Èsìẹ́? Màmá ò fẹ́ gbọ́ “ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.”

Ìyá_Oníwàrà:

Ó máa dúró, Àǹtí, bẹ́ ẹ bá rà á bó ṣe yẹ. Ẹ gbé kúlà kékeré dání láti Èkó, èyí tó ní ìdérí tó wọlé dáadáa. Òwúrọ̀ ni àwọn ìyá Fúlàní ń gbé wàrà wọlé láti gáà, ibùdó wọn. Kó tó di ọ̀sán, ẹ ó ṣì rí èyí tó dáa ní ọjà Ìpàta.

Ẹ ra èyí tó ṣì wà nínú omi ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n bu omi yẹn mọ́ ọn títí yóò fi bò ó. Èyí tó gbẹ lórí àtẹ, oòrùn ti ń sè é. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: tó bá tẹ̀, tó tún padà, ó dáa. Tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tàbí omi ẹ̀ ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀, ẹ rìn kúrò. Òórùn wàrà tó dáa kò ju ti mílíìkì lọ. Tó bá ti kan sí imú, kò ní dé Àjàṣẹ́-Ìpo.

Ẹ kó o sínú rọ́bà onídérí, ẹ gbé rọ́bà yẹn sínú kúlà, ẹ wá fi pọ̀wọ́tà tó ti dì yí i ká. Pọ̀wọ́tà yẹn kò gbọ́dọ̀ wọ inú wàrà, torí tó bá yọ́ ó máa là á, kò ní dùn mọ́. Ẹ má gbé e sí búùtù, ìdí ẹsẹ̀ yín ni kó wà, kí ẹ sì gbé kúlà yẹn sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú yín ní Èsìẹ́. Mọ́tò tí wọ́n tì pa nínú oòrùn gbóná ju ìta lọ.

Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù lójú ẹsẹ̀. Ẹ se é nínú omi tuntun pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó jò, kẹ́ ẹ wá dín in. Ẹ má bẹ̀rù pé ó máa yọ́, wàrà wa kì í yọ́ nínú iná. Tí Màmá ò bá lè ní sùúrù, ẹ ra èyí tí wọ́n ti dín lọ́tọ̀ fún jíjẹ lójú ọ̀nà.

Ọlọ́kọ̀_Gẹ̀ríÀlímì:

Wàrà ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìkẹyìn o, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe máa lọ rèé: 10:45 agboolé òfì, 11:25 mọ́ṣáláṣí àti ààfin, 11:45 Ìpàta, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú Màmá níbẹ̀, kí ẹ̀yin nìkan sáré wọlé. Agogo méjìlá ẹ kọrí sí Gáréèjì Ọ̀fà.

Tí bàálù bá pẹ́, àkókò tó balẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi ka wákàtí. Tó bá balẹ̀ kọjá 10:30, ẹ gbàgbé agboolé, ẹ ra òfì ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá kọjá agogo mọ́kànlá, ẹ má wọ Ọjà Ọba rárá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín wá gbé yín ní pápákọ̀, kẹ́ ẹ kọrí sí Èsìẹ́, kẹ́ ẹ wo mọ́ṣáláṣí nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà sí Èkó. Ẹ ṣáà rí i pé ọjọ́ ìpadà náà kì í ṣe Ẹtì.