Kòkòrò wo ni mo lè fi han àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, kí wọ́n fojú ara wọn rí bó ṣe ń pa ara dà?

Àǹtí Jẹ́lé-ó-sinmi, Ìjerò-Èkìtì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 6 ni mò ń kọ́, bí kòkòrò ṣe ń pa ara dà ló sì kàn wá ní táàmù yìí. Mo ya ẹyin, ìdin àti labalábá sójú pátákó, wọ́n kà á tẹ̀lé mi, ó yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. A wá jáde sẹ́yìn kíláàsì, mo nawọ́ sí kòkòrò kan tó ń jewé ọsàn, mo ní labalábá ni yóò dà. Ọmọkùnrin kan wojú mi, ó ní, "Àǹtí, kò mà ní ìyẹ́." Òótọ́ ló sọ. Mi ò fẹ́ kó gbà á gbọ́ torí pé àǹtí ló wí i, mo fẹ́ kó rí i. Kò sí owó ohun èlò, àwọn òbí kan sì ti ń kùn pé kí n má fi ọmọ àwọn ṣeré ìdin. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Màmá Dáre, Ìkọ̀lé
Àǹtí, kòkòrò orí ọsàn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ mú. Ìyá rẹ̀ ni labalábá ńlá dúdú tó ní àmì ìyeyè lára yẹn; ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yé ẹyin rẹ̀ sórí ewé ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú. Tí ẹyin bá pa, kòkòrò náà á rí bí ìgbẹ́ ẹyẹ, dúdú òun funfun, kí ẹyẹ má bàa ṣà á jẹ. Bó bá dàgbà, á di àwọ̀ ewé. Ẹ fi igi tín-ín-rín kàn án lẹ́yìn orí jẹ́jẹ́: ìwo méjì tó pọ́n á yọ síta lójijì, òórùn á sì gba afẹ́fẹ́. Kì í ta, kì í bunijẹ. Àwọn ọmọ ò ní fẹ́ lọ sílé!

Ẹ gé ẹ̀ka ọsàn, ẹ ki ìdí rẹ̀ bọ ìgò omi, kẹ́ ẹ fi òwú dí ẹnu ìgò kí kòkòrò má bàa já sómi. Ẹ gbé e sínú páálí, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Ewé tútù lójoojúmọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n fín oògùn sí. Nígbà tó bá yá, kò ní jẹun mọ́, á fi okùn ara rẹ̀ so mọ́ igi, á bọ́ awọ, á dúró gbagidi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án nígbà yẹn. Bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, labalábá á jáde, ìyẹ́ rẹ̀ á ṣì ká jọ. Ẹ fi í sílẹ̀ kó so rọ̀ títí ìyẹ́ á fi nà, tí yóò sì gbẹ.

Nọ́ọ̀sì, Ìdó-Èkìtì
Kòkòrò ajewé tó nírun ni kí wọ́n má fọwọ́ kàn rárá, ó ń yúnni gan-an. Ẹ lè fi tanwíjí kún un, mà. Láti ẹyin dé ẹ̀fọn kì í sábàá ju ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 lọ. Ẹ bu omi rẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì di ẹnu rẹ̀ pinpin. Bí ẹ̀fọn bá ti yọ, ẹ gbé e sójú oòrùn títí gbogbo wọn á fi kú. Ọmọ tó bá rí èyí ni yóò máa da omi inú táyà dànù nílé, ibà á sì dín kù.

Bàbá Ayọ̀, Òmùò
Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ti ẹ̀fọn yẹn ò dùn mọ́ mi nínú. Kí ọ̀kan ṣèèṣì bọ́, àwọn òbí tó ń kùn á rí ohun wí. Kúlúsọ ńkọ́? Kò sí ọmọ tí kò mọ ihò rẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, àmọ́ àgbà mélòó ló mọ ohun tó ń dà? Ìdin lòun náà. Á fi òwú ara rẹ̀ po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ra, á di roboto, ibẹ̀ ni yóò ti jáde pẹ̀lú ìyẹ́ gígùn mẹ́rin, tí yóò máa fò lóru. Ẹ kó o sínú abọ́ iyẹ̀pẹ̀, ẹ máa sọ èèrà sí i.

Màmá Dáre, Ìkọ̀lé
Bàbá Ayọ̀, ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n kúlúsọ lè lò ju ọdún kan lọ nínú iyẹ̀pẹ̀, táàmù kan ò tó o.

Ọmọ Àgbẹ̀, Ìṣẹ̀
Ẹ mú tata orí ẹ̀gẹ́ náà wá. Inú ilẹ̀ ló ń yé sí, ọmọ rẹ̀ sì ti jọ ìyá rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìyẹ́ ni kò tíì hù. Á kàn máa bọ́ awọ ni, á máa tóbi. Kí wọ́n má lọ rò pé gbogbo kòkòrò ló ń gba ọ̀nà labalábá.

Ìyá Àgbà, Ẹfọ̀n
Ọmọ mi, ìwọ wá aṣọ sányán kan lọ síléèwé. Kòkòrò tó ń jewé ló hun òwú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á kóra jọ, wọ́n á hun ilé kan ṣoṣo, ibẹ̀ la ti ń yọ òwú. Pe àwọn òbí tó ń kùn yẹn kí wọ́n wá fọwọ́ kàn án. Ta ni kò fẹ́ fi sányán ṣayẹyẹ?

Àǹtí Jẹ́lé-ó-sinmi, Ìjerò-Èkìtì
Màmá àgbà, ẹ ṣé mà, màá tọrọ ti ìyá ọkọ mi. Labalábá ni màá fi ṣáájú, tata á tẹ̀ lé e. Màmá Dáre, ọsàn wẹ́wẹ́ ló wà lẹ́yìn kíláàsì wa, ṣé kòkòrò náà á jẹ ẹ́?

Màmá Dáre, Ìkọ̀lé
Á jẹ ẹ́ dáadáa. Ọsàn mímu, ọsàn wẹ́wẹ́, tanjarín-ìn, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ. Ewé ọ̀dọ́ ni kẹ́ ẹ máa já fún un tó bá ṣì kéré.