Bríìjì Lágere sí Mayfair ti sú mi, ẹ gbà mí o

ẸNI TÓ BÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé méjì ni mo ní n'Ífẹ̀, Lágere àti Mayfair. Kí n má baà máa san owó íntánẹ́ẹ̀tì lọ́nà méjì, àbúrò ìyàwó mi ní òun á fi bríìjì so wọ́n pọ̀, ìyẹn rédíò méjì tó kọjú síra lórí òpó, tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣọ́ọ̀bù kan dé èkejì. Mo ra rédíò méjì, mo ra irin òpó, mo sanwó wẹ́dà, mo bọ́ ọmọ yìí ní iyán fún ọjọ́ méjì gbáko. Ní báyìí, bí oníbàárà bá fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù, íntánẹ́ẹ̀tì ń já, ó ń padà. Mo pe ọmọ náà, kò gbé e. Ìyàwó mi ní kí n má fi àbúrò òun ṣẹ̀sín. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀GÁ WÁYÀ: Ẹjọ́ àna lẹ kó wá. Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra? Orí ìgbì wo ni rédíò yín ń lò, 2.4 ni àbí 5 GHz? Kí ló wà láàárín?

ÒṢÓMÀÁLÓ: Tèmi n'Íléṣà, àrá ló pa á. Alẹ́ ọjọ́ kan péré, rédíò méjì àti swíìṣì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ri wáyà mọ́lẹ̀ kí àrá lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ o!

ÌYÁ ONÍFÓTÒ: Ṣé ẹ sanwó iṣẹ́ ọmọ náà ṣá?

ẸNI TÓ BÉÈRÈ: 5 ni. Kò tó kìlómítà méjì. Mo ń rí òpó kejì ketekete láti orí òrùlé.

ONÍSOÓLÀ SÁBÓ: Bí ìbú ṣánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn fífẹ̀ ọ̀nà tí rédíò yín ń gbà sọ̀rọ̀, bá wà ní 80 MHz, ẹ dín in sí 20. Ariwo rédíò àwọn ará àdúgbò ni.

ÒṢÓMÀÁLÓ: Ẹ ri wáyà mọ́lẹ̀ ná!

ÌYÁ ONÍFÓTÒ: Kò dá mi lóhùn. Iyán kì í ṣe owó iṣẹ́ o.

Ọ̀GÁ WÁYÀ: Kéèyàn rí òpó nìkan kò tó. Ìgbì rédíò yẹn kì í tín-ínrín bí okùn, ó máa ń wú láàárín ọ̀nà. Bí ó bá tó kìlómítà méjì, ó yẹ kí nǹkan bíi mítà 5 ṣófo yí ìlà náà ká ní agbede méjì. Ìgbà wo ló gbé e sókè?

ẸNI TÓ BÉÈRÈ: Inú ọyẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà náà! Igi tíìkì mẹ́ta wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò léwé kankan. Ọmọ yẹn tiẹ̀ ní kí n fi ẹsẹ̀ bàtà 10 kún òpó, mo ní owó irin ti pọ̀ jù.

Ọ̀GÁ WÁYÀ: Háà! Tíìkì máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò ti dé, ó ti hu ewé gbàǹgbà gbàǹgbà, omi inú wọn ló ń mu ìgbì yín. Ẹ gbé òpó sókè, kí ẹ sì bẹ ọmọ náà.

ÌYÁ ONÍFÓTÒ: Ẹ sì sanwó ẹ̀!

ẸNI TÓ BÉÈRÈ: Ẹ̀yin ará, ta ló mọ ẹni tó ń gé igi ní Lágere?

ONÍSOÓLÀ SÁBÓ: Ta ló ni igi náà?

ẸNI TÓ BÉÈRÈ: Bàbá ìyàwó mi.