Àbọ̀ ìrìn àjò wa láti èbúté Civitavecchia sí Róòmù: ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀

Mo béèrè níbí bóyá ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ àyálò ni ó yẹ kí èmi àti ìyá mi wọ̀ lọ sí Róòmù, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi wa bá gúnlẹ̀ sí Civitavecchia fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀ níkẹyìn, ó sì dára púpọ̀: ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 a ti sọ̀kalẹ̀ ní Roma San Pietro, ibùdókọ̀ ojú irin tí kò jìnnà sí Vatican. Ẹ̀yin tí ẹ kìlọ̀ pé kí a fi ẹ̀rọ tí ó wà ní ibùdókọ̀ lu òǹtẹ̀ sára tíkẹ́ẹ̀tì kí a tó wọlé, ẹ ṣeun gan-an, nítorí pé olùyẹ̀wò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa. A pa ti ọkọ̀ àyálò tì, torí kámẹ́rà ń ṣọ́ àárín gbùngbùn Róòmù, níbi tí ọkọ̀ tí kò gba àṣẹ kò ti gbọ́dọ̀ wọ̀ ní àwọn wákàtí kan. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ láti inú èbúté ṣe ìwọ̀n tirẹ̀, àmọ́ Largo della Pace, ibùdó bọ́ọ̀sì ní ẹnu ọ̀nà èbúté, ni ó parí sí, ìrìn ẹsẹ̀ láti ibẹ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin sì ni ìyá mi lára púpọ̀ nítorí orúnkún rẹ̀. Apá yìí nìkan ni n kò tíì rí ojútùú sí. Takisí ni a wọ̀ nígbà tí a ń padà.