Tomcat ò rí driver MySQL, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú WAR: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Áàpù Java kan ni, orí Tomcat 9 (server tó ń gbé áàpù Java) ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò yọ mí lẹ́nu lórí kọ̀ǹpútà tèmi rárá, orí server ló ti yarí. Ohun tó ń kọ sínú log rèé:

Cannot load JDBC driver class 'com.mysql.cj.jdbc.Driver'

Mo tú fáìlì WAR (àpò tí a di áàpù náà sí) wò, jar driver náà, èyí tí áàpù fi ń bá database MySQL sọ̀rọ̀, wà nínú WEB-INF/lib kedere. Ohun tí mo fura sí ni pé inú server.xml (fáìlì ètò Tomcat), lábẹ́ GlobalNamingResources, ni a ti ṣètò DataSource, ìyẹn ohun tó ń fún áàpù ní ìsopọ̀ sí database. Tomcat fúnra rẹ̀ ló ń dá a sílẹ̀, inú fódà lib tirẹ̀ ló sì ti ń wá driver, kì í ṣe inú áàpù.

Tí mo bá kó jar síbẹ̀, ó yẹ kó yanjú. Àmọ́ áàpù àwọn ẹlòmíì wà lórí Tomcat kan náà, Connector/J 5.1, ìyẹn driver MySQL ti àtijọ́, ni wọ́n ṣì ń lò. DriverManager (apá Java tó ń yan driver) tí gbogbo wa jọ ń lò ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí driver méjèèjì ló ń dáhùn sí àdírẹ́sì jdbc:mysql. Mi ò fẹ́ ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́.

Ṣé kí n gbé e sí lib bẹ́ẹ̀, àbí kí n kúkú yọ DataSource kúrò nínú server.xml, kí n fi HikariCP (library Java tó ń bójú tó ìsopọ̀ database) ṣètò rẹ̀ nínú áàpù? Ọkàn mi fà sí èkejì. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí?